Kí Àgbà Má Baà Jókòó Sójú Kan

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan olúkúlùkù wa, nítorí pé kò sí ẹni tí ó fẹ́ kú ní èwe, ẹni tí kò bá sì kú ní èwe, yóò darúgbó. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa owó ìrànwọ́ tí ìlú lè gbà láti fi dá iṣẹ́ àjọṣe sílẹ̀ fún àwọn arúgbó rẹ̀, kí ara wọn lè máa le, kí ọkàn wọn lè máa jí, kí wọ́n sì máa bá ẹgbẹ́ ṣe. Ìbéèrè tí a ó jọ dáhùn ni èyí: bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá dé ìlú wa lọ́la, kí ni kí a fi í ṣe, kí sì ni kí a má fi í ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín: kí ni arúgbó nílò? Bí mo bá bi àwọn ọmọ kíláàsì ní ìbéèrè yìí, oúnjẹ, oògùn, aṣọ òtútù àti ìsinmi ni wọn yóò dárúkọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà tí a ń gbà fún àwọn òbí wa ní ìsinmi náà. Bí Ìyá bá fẹ́ gbálẹ̀, a ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Bàbá bá fẹ́ lọ wo ẹ̀gẹ́ etílé, a ó ní kí ó jókòó. Bí ìpàdé ẹbí bá dé, a ó ní kí ẹnikẹ́ni má yọ wọ́n lẹ́nu, pé àbọ̀ ni a ó fi jẹ́ wọn. A gbé àga sí ẹnu ọ̀nà fún wọn, a gbé oúnjẹ sí iwájú wọn, a sì bá tiwa lọ. Ìfẹ́ ni ó mú wa ṣe é, n kò bá ẹnikẹ́ni wí. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ tí a kò bá fi rìn a máa gan, ọ̀rọ̀ tí a kò bá rí ẹni bá sọ a sì máa kú sí ikùn. Ìsinmi yàtọ̀ sí ìpatì. Ẹni tí ó ń sinmi mọ̀ pé òun yóò dìde padà sí ohun kan. Ẹni tí a pa tì kò ní ohun tí yóò dìde sí.

Èyí kì í ṣe àròsọ olùkọ́ lásán. Ní ọdún 2003, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan nípa àwọn arúgbó ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí a ti ń sọ èdè Yorùbá: Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó, Èkìtì, Kogí, àti Kwara tiwa yìí. Ènìyàn 2,152 tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Nígbà tí wọ́n wá ohun tí ó ń mú kí ayé dẹrùn fún arúgbó, wọn kò bá a nínú owó nìkan, wọn kò sì bá a nínú ara líle nìkan. Ohun tí ó ń jẹ jáde ju ìyókù lọ ni bóyá ènìyàn ṣì ń kópa nínú ọ̀rọ̀ ẹbí rẹ̀ àti nínú ọ̀rọ̀ àdúgbò rẹ̀. Ẹni tí a ṣì ń ké sí, tí a ṣì ń dúró gbọ́ ohùn rẹ̀, òun ni ayé ń dùn mọ́ nínú.

Àwọn onímọ̀ òkèèrè náà ti rí i bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2002, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ayé pàdé ní ìlú Madrid ní ilẹ̀ Sípéènì nítorí ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé kan síwájú wọn. Ìwé náà sọ pé ohun mẹ́ta ni ogbó dídára dúró lé lórí: ìlera, ìkópa nínú ohun tí ń lọ láwùjọ, àti ààbò. Ẹ̀yin ìyá wa mọ̀ pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Bí a bá fún arúgbó ní oògùn, tí a sì ṣọ́ ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò sí ibi tí ó ń lọ, tí kò sì sí ẹni tí ń bọ̀ wá bá a, ààrò kan ti yẹ̀ nìyẹn, ìkòkò yóò sì dojú dé.

Àwọn baba ńlá wa kò ka ìwé Madrid, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Láyé àtijọ́, nígbà tí àwọn géńdé bá lọ sí oko, ìyá àgbà a máa ran òwú, a máa hun kíjìpá lórí òfì ìnàró, àwọn ọmọbìnrin a sì máa wo ọwọ́ rẹ̀. Bàbá àgbà a máa hun agbọ̀n, a máa parí ìjà ààlà ilẹ̀, a sì máa ta ayò lábẹ́ igi, èyí tí í ṣe ìṣirò tí kò gba pátákó. Ní agbègbè tiwa gan-an ni a ti rí ẹ̀rí ohun tí owó díẹ̀ láti òde lè ṣe bí ó bá bá àgbà onímọ̀ pàdé. Ní Odò-Ọwá ní Òkè-Ẹ̀rọ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà ńlá kan wà tí a ń pè ní Bámigbóyè. Nǹkan bí ọdún 1885 ni a bí i, ọdún 1975 ni ó sì kú. Ìjọba ìgbà òyìnbó gbà á sí iṣẹ́ kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ọnà gbígbẹ́ ní Òmù-Àrán. Ní ọdún 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jọ, wọ́n sì fi han gbogbo ayé.

Ẹ tún wo Òsì. Aréògún, ògbóǹtagí agbẹ́gilére tí ó kú ní ọdún 1954, ọmọ Òsì ni. Nígbà tí àwọn Fádà Ìjọ Kátólíìkì dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní ọdún 1947, Bándélé ọmọ Aréògún wà lára àwọn tí wọ́n pè wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Abẹ́ Bándélé yìí ni Lamidi Fákẹ́yẹ ti kọ́ iṣẹ́, Fákẹ́yẹ náà sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ kíyè sí i pé owó àwọn Fádà kọ́ ni ó kọ́ Bándélé ní iṣẹ́. Ó ti mọ iṣẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Owó náà kàn ra igi, ó pèsè òrùlé, ó sì mú kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ àti ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ ọ́n lè jókòó pọ̀. Iṣẹ́ tí owó ìrànwọ́ ń ṣe nìyẹn bí a bá lò ó dáadáa.

Kí ló dé tí a fi nílò rẹ̀ nísinsìnyí ju ti àtijọ́ lọ? Ìlú kéékèèké ni ìlú wa. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 54,850 ni wọ́n kà ní gbogbo Ìjọba Ìbílẹ̀ Èkìtì ti Kwara, wọ́n sì ka 57,619 ní Òkè-Ẹ̀rọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa a máa jáde níwèé mẹ́wàá, wọn a sì gba ọ̀nà Ìlọrin, Èkó tàbí Àbújá lọ. Àwọn arúgbó ni ó ń kù sílé. Bákan náà, ẹ̀rù ti wọ ọ̀nà oko. Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin Kòró, wọ́n sì pa Olúkòró, Ọba Ṣẹ́gun Àrẹ̀mú, tí ó ti jẹ́ ọ̀gágun kí ó tó gorí oyè. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ nínú ààfin, ta ni yóò bá ìyá arúgbó wí bí ó bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí kí oòrùn tó wọ̀? Nítorí náà, ìmọ̀ràn kìíní tí mo ní ni pé ohunkóhun tí a bá fẹ́ ṣe fún àwọn àgbà, kí ó wà ní àárín ìlú, kí ó sì jẹ́ ní ọ̀sán gangan. Ìkópa tí kò ní ààbò kò lè pẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí, nítorí pé ọ̀pọ̀ àgbà ni kò mọ ìyàtọ̀ tí mo fẹ́ ṣe. Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní ìpín 16, sọ pé kí ìjọba tọ́ ètò rẹ̀ sí ọ̀nà tí ìtọ́jú ọjọ́ ogbó àti owó ìfẹ̀yìntì yóò fi tó gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n owó ìfẹ̀yìntì, àwọn tí ó bá ṣiṣẹ́ ìjọba tàbí ti ilé iṣẹ́ ńlá ni í tó lọ́wọ́. Àgbẹ̀, ahunṣọ àti ìyá tí ń ta èlùbọ́ kò ní in. Nítorí tiwọn ni àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan fi dá owó àwọn arúgbó sílẹ̀. Ní ọdún 2011, Ìpínlẹ̀ Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó tí wọ́n ti pé 65 ní ₦5,000 lóṣooṣù. Ní ọdún 2012, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ ètò Àgbà Ọ̀ṣun pẹ̀lú ₦10,000. Kwara náà dá Owó Arúgbó sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Ohun rere ni, ọ̀pọ̀ ìyá ni ó fi ra ẹ̀wà àti oògùn. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó mọ. Lọ́nà kìíní, ó ń bọ́ sí ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù a sì gbé tirẹ̀ wọlé lọ jókòó. Lọ́nà kejì, ó so mọ́ ẹni tí ó wà lórí àga. Nígbà tí ìjọba yí padà ní Èkìtì ní ọdún 2014, owó náà dáwọ́ dúró.

Owó ìrànwọ́ fún iṣẹ́ àjọṣe yàtọ̀. Bí ẹnì kan bá yá ọ lówó, owó ni ìwọ yóò dá padà. Bí ẹnì kan bá ta ọ́ lọ́rẹ, ọpẹ́ ni ìwọ yóò dá padà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fún ìlú ní owó ìrànwọ́, ìṣirò iṣẹ́ ni ìlú yóò dá padà: iye tí a gbà, ohun tí a rà, ẹni tí ó jẹ àǹfààní rẹ̀, àti iye tí ó kù. Ìlú tí kò lè ṣírò kò yẹ kí ó béèrè.

Ẹ jẹ́ kí a rìn jìnnà díẹ̀ kí a tó padà sílé. Ní orílẹ̀-èdè Vietnam ní ìhà ìlà-oòrùn ayé, láti nǹkan bí ọdún 2006 ni wọ́n ti ń dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní abúlé dé abúlé, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ HelpAge International. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ènìyàn 50 sí 70. Púpọ̀ jù nínú wọn jẹ́ arúgbó, púpọ̀ jù jẹ́ obìnrin, púpọ̀ jù sì jẹ́ aláìní. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi àwọn tí ó kéré lọ́jọ́ orí kún un, kí ẹgbẹ́ má baà kú pẹ̀lú àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Wọ́n ń pàdé déédéé. Wọ́n ń na ara, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ń kọ́ nípa oúnjẹ àti oko. Àwọn tí ara wọn ṣì le a máa lọ bẹ àwọn tí kò lè dìde mọ́ wò nínú ilé wọn. Owó ìrànwọ́ tí wọ́n gbà, wọn kì í pín in jẹ. Wọ́n ń yá a fún ara wọn láti fi sin adìẹ tàbí láti fi ṣòwò kékeré, owó kékeré tí ó bá sì lé lórí rẹ̀ ni wọ́n fi ń ná ìnáwó ẹgbẹ́. Ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba orílẹ̀-èdè náà fúnra rẹ̀ fi pàṣẹ ní ọdún 2016 pé kí a tan ẹgbẹ́ náà káàkiri. Ẹ̀yin ará ilé, ta ni kò rí i pé èésú àti ọ̀wẹ̀ wa ni èyí, tí a kàn fi ìwé àkọsílẹ̀ àti ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru kún?

Ní ilẹ̀ Áfíríkà tiwa níbí, ní ìlú Harare ní Sìmbábúwè, Dókítà Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ọdún 2006 pẹ̀lú ìyá àgbà 14. Ó kọ́ wọn bí a ti ń tẹ́tí sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, wọ́n sì ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì igi ní àgbàlá ilé ìwòsàn láti gba àwọn ènìyàn ní ìmọ̀ràn. Àwọn oníwádìí yẹ iṣẹ́ wọn wò, ìwé wọn sì jáde ní ọdún 2016: ara àwọn tí ìyá àgbà bá sọ̀rọ̀ yá ju ti àwọn tí wọ́n rí ìtọ́jú bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ lọ.  Ọgbọ́n náà ti wà nílẹ̀ kí bẹ́ǹṣì tó dé.

Ó tó àkókò kí a béèrè ọ̀nà tí irú owó yìí ń gbà dé. Kì í ṣe ohun àjèjì ní Kwara. Ní ọdún 2009 ni ètò kan bẹ̀rẹ̀ tí a ń pè ní CSDP, tí Bánkì Àgbáyé àti ìjọba wa jọ ná owó sí. Ìlànà rẹ̀ ni pé ìlú fúnra rẹ̀ ni yóò jókòó, tí yóò sọ ohun tí ó ṣe pàtàkì jù fún un, tí yóò yan ìgbìmọ̀, tí yóò ṣí àkáǹtì ní báńkì, tí yóò sì dá díẹ̀ sí i nínú owó tirẹ̀ tàbí nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni owó ń wọlé. Bí a kò bá fi ẹ̀rí èkínní hàn, èkejì kò ní jáde. Àwọn arúgbó, àwọn opó àti àwọn aláàbọ̀ ara sì ní àyè láti kọ ìwé tiwọn lọ́tọ̀. Ní ọdún 2021, ètò NG-CARES tẹ̀lé e, pẹ̀lú 750 mílíọ̀nù dọ́là tí Bánkì Àgbáyé yá Nàìjíríà fún gbogbo ìpínlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin ọdún 2017 dá Ibùdó Àwọn Àgbà ti Orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní Àbújá, kí ó lè máa rí sí ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó jákèjádò ilẹ̀ wa. Ètò kan a máa parí, òmíràn a sì máa bẹ̀rẹ̀ lórúkọ mìíràn. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo wọn ń béèrè kì í yí padà: ìgbìmọ̀ tí ìlú yàn, àkáǹtì tí kì í ṣe ti ẹnì kan, ohun tí ìlú fi sílẹ̀, àti ìwé ìṣirò. Ìlú tí ó bá ti ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílẹ̀ kí ìkéde tó dé ni ó ń rí owó gbà. Ìlú tí ó bá dúró di ọjọ́ ìkéde kí ó tó máa wá akọ̀wé, ẹ̀yìn ni yóò máa wà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ṣe ìṣirò, ẹ̀yin ọmọ kíláàsì, ẹ mú pẹ́ńsù. Ká ní wọ́n fún ẹgbẹ́ àwọn àgbà tí ó ní ènìyàn 50 ní ₦2,000,000. Bí wọ́n bá pín in, olúkúlùkù yóò gba ₦40,000. Kí ọdún ìlú tó dé, ó ti tán, ẹgbẹ́ náà sì ti tán pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n ná ₦250,000 lórí bẹ́ǹṣì, ẹní àti ìbòjì. ₦150,000 lórí ohun èlò ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru, òṣùwọ̀n ara àti ìwé àkọsílẹ̀. Kí wọ́n fi ₦100,000 pamọ́ de ọjọ́ àìròtẹ́lẹ̀. ₦1,500,000 ni yóò kù. Kí wọ́n yá ènìyàn 30 ní ₦50,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú èlé náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún náírà lóṣù kan. ₦15,000 ni yóò máa wọlé lóṣooṣù, tí í ṣe ₦180,000 lọ́dún. Ìyẹn lè ra ògì àti àkàrà ọjọ́ ìpàdé, ó sì lè san owó ọ̀kadà ẹni tí ń lọ bẹ aláìsàn wò. Bí ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni kò bá fara mọ́ èlé, kí ènìyàn 50 náà máa dá ₦300 lóṣooṣù, ₦15,000 kan náà ni.

Ṣùgbọ́n ẹ má dáwọ́ ìṣirò dúró. Bí ènìyàn mẹ́ta péré nínú 30 kò bá san owó padà, ₦150,000 ti lọ. Èlé oṣù mẹ́wàá gbáko nìyẹn. Ẹ̀yin rí i bí àìṣòótọ́ ènìyàn mẹ́ta ṣe lè jẹ ògì àádọ́ta ènìyàn. Nítorí náà, kí wọ́n yá owó náà fún márùn-ún márùn-ún tí wọ́n mọ ara wọn, kí ọ̀kan máa dúró fún èkejì gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nínú àjọ.

Mo ti sọ ohun tí a lè ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí í máa ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́. Èkínní ni ilé kíkọ́. Bí owó bá ti dé, gbọ̀ngàn ńlá ni ọkàn wa ń lọ sí, kí a lè kọ orúkọ sí ara ògiri. Ilé ìwòsàn nílò ilé. Ibùdó ìtọ́jú àwọn arúgbó tí a ṣí ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ní ọdún 2012 kò lè dúró sí abẹ́ igi. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn àgbà lè bẹ̀rẹ̀ ní abẹ́ igi, ní kíláàsì tí ó ṣófo lẹ́yìn agogo méjì ọ̀sán, tàbí ní ọ̀ọ̀dẹ̀ Báálẹ̀. Ilé tí kò ní ẹgbẹ́ nínú, ewúrẹ́ ni yóò máa sùn síbẹ̀. Èkejì ni pé àwọn géńdé ni yóò yan ohun tí arúgbó fẹ́, láì bi arúgbó. Ẹ bi wọ́n. Bóyá ọ̀nà ibi omi tí ń yọ̀ ni ó ń dí wọn lọ́wọ́, ẹ̀yin sì lọ ra tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀kẹta ni ìṣèlú. Bí a bá gbọ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan nìkan ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ náà ti kú. Ẹ̀kẹrin ni kí ọkùnrin mẹ́fà jókòó gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn opó ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí a fẹ́ ràn lọ́wọ́. Kí obìnrin wà níbẹ̀, kí ó má sì jẹ́ láti máa pín omi. Ẹ̀karùn-ún, kí a lẹ ìwé ìṣirò mọ́ ara ògiri ọjà, mọ́ṣáláṣí àti ilé ìjọsìn lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí akọ̀wé sì kà á sókè fún àwọn tí kò mọ̀wé.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò máa sọ níbi tí ó ti ń gbọ́ mi pé, "Tíṣà, ebi ní ń pa arúgbó wa, ẹ̀yin ń sọ ti ayò títa." Ọ̀rọ̀ rẹ ní ìdí. Ẹni tí ebi ń pa kò lè na ara. N kò sọ pé kí a fi ẹgbẹ́ rọ́pò oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ni kí ìjọba má fi bẹ́ǹṣì rọ́pò owó tí ó yẹ kí ó san. Ohun tí mo ń sọ ni pé oúnjẹ tí a dá nìkan jẹ nínú yàrá òkùnkùn kì í ṣe ara lóore tó bẹ́ẹ̀. Mo sì tún fẹ́ kìlọ̀ fún wa ní ọ̀nà kejì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí ọ̀rọ̀ mi di ẹrù lé ìyá arúgbó lórí, kí ó ní tíṣà ni ó sọ pé kí àgbà má jókòó. Kí a má sì da ọmọ mẹ́rin sí i lọ́rùn láìfi owó oúnjẹ ránṣẹ́, kí a pe ìyẹn ní ìkópa. Iṣẹ́ tí àgbà yàn fúnra rẹ̀, tí ó lè fi sílẹ̀ nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́, òun ni mo ń wí. Ẹni tí àìsàn ti dè mọ́ ibùsùn kì í ṣe ọ̀lẹ. Òun ni ó yẹ kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ ka orúkọ rẹ̀, kí a sì gbé ẹgbẹ́ lọ bá a.

Ó ku ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin mọ̀wé, àwọn àgbà mọ ìtàn. Ẹ̀yin lè ka ohun tí a kọ sí ara ìgò oògùn fún wọn, kí wọ́n má baà lo ti òwúrọ̀ lálẹ́. Ẹ̀yin lè jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, kí ẹ máa kọ orúkọ àti iye owó. Kí àwọn náà sì san án padà fún yín: kí wọ́n kọ́ yín ní oríkì ìdílé yín, ní orúkọ ewé, ní bí a ti ń hun ẹní, àti ní èdè àdúgbò wa tí ẹnu yín ti ń gbàgbé. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù yín lọ sí ọ̀dọ̀ arúgbó mẹ́ta, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta, kí ẹ sì kọ ìdáhùn sílẹ̀: Kí ni ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ rí tí ẹ̀ ń fẹ́ láti máa ṣe? Kí ni ó ń dí yín lọ́wọ́? Kí ni ẹ mọ̀ tí ẹ lè kọ́ ọmọdé? Bí ọmọ 20 bá ṣe é, ìdáhùn arúgbó 60 ti wà nílẹ̀. Ìwé àkọ́kọ́ tí olówó ìrànwọ́ yóò béèrè lọ́wọ́ ìlú nìyẹn, ọwọ́ àwọn ọmọ wa ni ó sì ti jáde.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti yà sọ́tọ̀ fún àwọn arúgbó láti ọdún 1990, wọ́n sì ti ya ọdún 2021 títí di 2030 sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀wádún ogbó pẹ̀lú ìlera. Kí ọjọ́ náà tó tún dé, ẹ jẹ́ kí ìlú kọ̀ọ̀kan pe àwọn àgbà rẹ̀ jọ lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sán ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, kí wọ́n yan ìgbìmọ̀ wọn, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí dá ohun tí agbára wọn ká. Bí owó ìrànwọ́ bá dé, yóò bá wọn lórí ìdúró. Bí kò bá tètè dé, wọn yóò ti máa rí ojú ara wọn.